Ògiri inú yàrá tí omi ti jẹ: ìgbà wo la lè tún un rẹ́, kí la ó sì fi rẹ́ ẹ?

Ará Oníkòlóbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ ilé. Ọ̀rọ̀ ògiri yàrá kan ní Oníkòlóbó níbí ní Abẹ́òkúta ni mo gbé wá. Búlọ́ọ̀kù oníhò 9 íǹṣì ni wọ́n fi mọ ilé náà, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ògiri ẹ̀yìn, èyí tó kọjú sí òkè, gùn tó mítà 4. Láti ilẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, ọ̀dà ti wú, ó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, nǹkan funfun tó rí bí iyẹ̀fun sì ń jáde lára rẹ̀. Tí èèyàn bá fi ìka tẹ pílásítà náà, ó ń rún.

A ti rí ìdí rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ń wọ́ bọ̀ láti òkè ti kó jọ sẹ́yìn ògiri, ó ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ ní íǹṣì 10. Òrùlé kò sì ní gọ́tà, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo omi páànù ń dà sí. A ti kó iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, ilẹ̀ ìta ti lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ inú lọ ní íǹṣì 8 báyìí. A ti da kọnkéré sí ìdí ògiri níta, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, a sì ti fi gọ́tà sí òrùlé. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bíríkìlà tó wá wò ó ní òun á ha ibi tó wú nìkan, òun á po sìmẹ́ńtì tó le, yanrìn méjì sí sìmẹ́ńtì kan, òun á rẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan. Ó ní kí akunlé fa sìkírídìn (ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ń dán ojú ògiri kí wọ́n tó kùn ún) sí i lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ká lè kun ún kí Kérésì tó dé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ? Ibo ló yẹ ká ha á ga dé? Àpò sìmẹ́ńtì mélòó ló máa gbà?

---

Bíríkìlà Àdàtán

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà ilé. Èyí tí ẹ ṣe níta yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í sílẹ̀, tí wọ́n á máa rẹ́ inú ilé lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé, àmọ́ èyí tó ti wà nínú búlọ́ọ̀kù láti ọdún yìí wá ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì líle bò ó, tí ẹ tún fi sìkírídìn dí i lójú, omi náà á wá ọ̀nà míì jáde: á gòkè kọjá ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ ó wá rí ìlà omi tuntun ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ pa iná yàrá yẹn láti ibi bírékà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà nísàlẹ̀ ògiri náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri tútù kì í ṣe ohun ìfọwọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tú u kúrò kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣísẹ́ẹ̀lì.

Bó ṣe ga tó: ẹ wo ibi tó ga jù lọ tí àmì omi tàbí nǹkan funfun yẹn dé, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lé e. Ti yín jẹ́ méjì àbọ̀, ẹ ha á dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bí mítà 1.2, kó sì jẹ́ láti igun dé igun. Èyí tí ojú rí pé ó wú kọ́ ló bàjẹ́ tán. Iyọ̀ ti gòkè kọjá ibẹ̀ nínú pílásítà tó dà bíi pé ó dára. Ẹ fa ìlà tó gún, ẹ gé e lójú ìlà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha, kí ojú àsopọ̀ má bàa rí wọ́gọwọ̀gọ. Lókè ìlà yẹn, ẹ fi ìdí tírówẹ̀lì kan pílásítà tó kù díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá dún bí akèǹgbè òfìfo ti kúrò lára búlọ́ọ̀kù, ẹ ha òun náà.

Ẹ ha á títí dé ojú búlọ́ọ̀kù. Àárín búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù, ẹ gbẹ́ ẹ wọlé ní ààbọ̀ íǹṣì kí pílásítà tuntun lè rí ibi dì mú. Lẹ́yìn náà, búrọ́ọ̀ṣì onírin, ní gbígbẹ. Mo tún un sọ: ní gbígbẹ. Ẹ má fi omi fọ iyọ̀ yẹn, torí omi á yọ́ ọ, á sì dá a padà sínú búlọ́ọ̀kù. Ẹ gbá ohun tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ kó o jìnnà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan máa ń jọ pílásítà tí wọ́n ha láti tún fi ṣe yanrìn. Iyọ̀ kan náà ni wọ́n ń dá padà sára ògiri yẹn.

Ó wá ku kó gbẹ. Ìṣirò tí wọ́n ń lò nílẹ̀ olótùútù fún ògiri tí kò níhò ni íǹṣì kan, oṣù kan. Ti wa níbí lè yá jù bẹ́ẹ̀ nítorí búlọ́ọ̀kù oníhò ni, ọyẹ́ sì ń bọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ fà bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ fi fáànù sí i tí iná bá wà. Ní tèmi, Kérésì ti sún mọ́ jù. Ìparí oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì ni kí ẹ fọkàn sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ògiri fúnra rẹ̀ sọ bóyá ó tó àkókò.

Nípa yanrìn méjì sí sìmẹ́ńtì kan: ó ti pọ̀ jù. Sìmẹ́ńtì tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń súnkì gan-an bó bá ń gbẹ. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi mọ ilé kò le tó o, torí náà pílásítà á fa ara rẹ̀ ya kúrò lára rẹ̀, á sì là wẹ́wẹ́. Ojú tó là yẹn á máa gba omi wọlé, ibi tó kù tó dì gbagidi kò sì ní jẹ́ kó jáde. Ìpele tó wà lóde kò gbọdọ̀ le ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé tó bá ti gbẹ. Ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n ojú ògiri. Èyí tí a ń jù mọ́ ògiri ló kọ́kọ́, òun nìkan ló lè le bẹ́ẹ̀ torí ó fẹ́lẹ́: ẹ po sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn olójú ńlá méjì, kó ṣàn díẹ̀ bí ọbẹ̀ tó ki. Ẹ fi tírówẹ̀lì bù ú, kí ẹ fi ọrùn ọwọ́ jù ú mọ́ ògiri kó fọ́n káàkiri. Ẹ má tẹ́ ẹ, ẹ má dán an. Kó rí ṣákaṣàka bí awọ ọ̀nì, kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 5 lọ. Ẹ wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá fi ìṣó ha á lọ́jọ́ kẹta tó bá ń rún, ẹ ha á dànù kí ẹ tún un jù.

Ìpele kìíní: sìmẹ́ńtì kan, yanrìn mẹ́rin, mìlímítà 12. Ẹ fi rénjì (igi tàbí irin gígùn tó gún) fà á kó gún, kí ẹ fi ìṣó tàbí fọ́ọ̀kì ha ìlà sí i lójú kó tó le. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá máa là, jẹ́ kó là kí ẹ tó bò ó. Ìpele kejì: sìmẹ́ńtì kan, yanrìn márùn-ún tí ẹ ti jọ̀ dáadáa, mìlímítà 8, kí ẹ fi fúlótì onígi dán an. Èyí tí ẹ bá pò, ẹ lò ó tán láàárín wákàtí kan. Tó bá ti ń dì, ẹ má bomi sí i láti jí i.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbà fún bíríkìlà kankan: kó máa bu sìmẹ́ńtì gbígbẹ fọ́n sójú pílásítà tútù kó lè tètè dán. Ojú rẹ̀ á dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n lóṣù kan sí i á là bí ẹsẹ̀ adìyẹ káàkiri.

Ìdí ògiri ńkọ́? Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tó nípọn tó íǹṣì kan lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti igun dé igun kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí pílásítà dúró lórí pákó náà. Tó bá ti dì, ẹ fà á yọ. Àlàfo tó kù yẹn ni kò ní jẹ́ kí pílásítà máa fa omi láti ilẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi omi nu yàrá. Sìkátìn táìsì (táìsì tóóró tó ń wà ní ìdí ògiri) á bo ojú rẹ̀. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí i.

Iye ohun èlò: mítà 4 lọ́nà 1.2 jẹ́ mítà oníbùú àti òró 4.8. Gbogbo ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí a bá ka èyí tó máa já bọ́ sílẹ̀ mọ́ ọn, á gba sìmẹ́ńtì tó lé díẹ̀ ní kílò 50. Ẹ ra àpò méjì, ẹ má dúró lórí ọ̀kan. Yanrìn á tó hẹ́dípáànù mẹ́jọ lẹ́yìn jíjọ̀, nítorí náà ẹ ra bárò mẹ́ta. Kí ẹ rántí pé àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ nǹkan bí hẹ́dípáànù méjì. Òun la fi ń wọn yanrìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́bìrì fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ yẹ yanrìn wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara dé ìdajì, ẹ da omi tó ní ṣíbí iyọ̀ kan sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ẹrẹ̀ á dúró lókè yanrìn. Tí yanrìn bá ga tó sẹ̀ńtímítà 10, ẹrẹ̀ orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 8 lọ. Yanrìn odò tí wọ́n ń wà ní Odò Ògùn sábà máa ń dára ju iyẹ̀pẹ̀ pupa tí àwọn kan ń pè ní yanrìn ìrẹ́lé.

---

Akunlé Kútọ̀

Bọ̀ọ̀dá bíríkìlà ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọ̀dà.

Pílásítà tuntun gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán kí ọ̀dà tó kàn án. Sìmẹ́ńtì tútù máa ń jẹ àwọ̀ ọ̀dà, omi tó sì ń jáde lára rẹ̀ á gbé ọ̀dà wú. Ẹ má fi P.O.P. fa sìkírídìn sórí ògiri tí omi ti jẹ rí, ó kéré tán ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ìsàlẹ̀. Ó ń fa ọ̀rinrin bíi kànrìnkàn, ó sì máa ń rọ̀ bó bá ti tutù. Tí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má fa sìkírídìn, ẹ fi sìmẹ́ńtì funfun ṣe é, kó sì fẹ́lẹ́. Ọ̀dà olómi lásán ni kí ẹ lò, kí ẹ fi omi là á dáadáa ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ kùn. Ọ̀dà olóròóró tó ń dán, ẹ gbàgbé ẹ̀ fún ọdún kan. Ńṣe ló máa ń ti omi mọ́lé.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ lè rí nǹkan funfun díẹ̀ lójú pílásítà. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ bàjẹ́. Iyọ̀ tó kù nínú búlọ́ọ̀kù ló ń tẹ̀ lé omi jáde. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kúrò, títí yóò fi dáwọ́ dúró. Tó bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ wo ìta, omi kan ṣì ń wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Àdàtán, kí lẹ rí sí wọ́tàpúrúùfù inú sìmẹ́ńtì, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè máa lé omi? Gbogbo ẹni tó ń ta ohun èlò ilé ló ń ní kí èèyàn bu kílò kan sí àpò kan. Ojú tí mo fi ń wò ó ni pé ó ń ti omi gòkè ni.

---

Bíríkìlà Àdàtán

Òótọ́ lẹ sọ, tó bá jẹ́ pé ògiri ṣì tutù tàbí pé omi ṣì ń wọlé. Níbi tí wọ́n ti gé orísun omi, tí ògiri sì ti gbẹ, ó lè ṣe ànfààní, kí iyọ̀ tó kù má tètè yọ jáde: kílò kan sí àpò kan bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, nínú ìpele kìíní nìkan. Kò gbọdọ̀ sí nínú èyí tí ẹ ń jù mọ́ ògiri, kó má sì sí nínú ìpele kejì, torí ìpele kejì kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ojú tó ń lé omi tí wọn kò bá ha ìlà sí i. Fún ògiri Oníkòlóbó yìí, mo lè rẹ́ ẹ láìlò ó. Ẹni tó bá rí láìmù oníyẹ̀fun (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe, kì í ṣe èso) rà, sìmẹ́ńtì kan, láìmù kan, yanrìn mẹ́fà fún ìpele méjèèjì dùn ún ṣiṣẹ́, ó ń jẹ́ kí ògiri mí, kì í sì í là bọ̀rọ̀.

---

Ọmọ Ìtòkò

Ẹ kú àlàyé. Kí àwọn tó ní ilé bàbá wọn ní Ìtòkò, Ìkìjà, Ìjẹmọ̀ àti àyíká Olúmọ má ka èyí kí wọ́n wá lọ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ògiri amọ̀ o. Ọ̀tọ̀ ni tiwọn.

Amọ̀ máa ń wú bó bá mumi, á súnkì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í bá a lọ, kì í bá a bọ̀. Ìdí nìyẹn tí pílásítà sìmẹ́ńtì fi ń ya kúrò lára ilé amọ̀ lódindi bí èèpo ìgbá, tí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ti di ẹrẹ̀, torí omi tó wọ ibẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Kíkan wáyà mọ́ ọn kò yanjú rẹ̀. Ìgbà tó bá máa ya, wáyà náà ló máa fà dání.

Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀. Ẹ jọ ilẹ̀pa alámọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i. Ìwọ̀n yanrìn tó máa gbà yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán mẹ́ta wò lára ògiri, ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú àti òró níkọ̀ọ̀kan: amọ̀ kan yanrìn kan, amọ̀ kan yanrìn méjì, amọ̀ kan yanrìn mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí kò là tí kò sì rún bí ẹ bá fọwọ́ pa á ni kí ẹ mú. Ẹ̀fun tí ẹ bá fi láìmù pò lẹ lè fi kùn ún, ọ̀dà olóròóró kò yẹ ẹ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹni tó ni ìbéèrè yìí. Àpáta kò jìnnà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Abẹ́òkúta. Òjò tó bá rọ̀ lókè máa ń rì wọnú iyẹ̀pẹ̀, á kan àpáta, á sì máa yọ́ ṣàn lórí àpáta náà lábẹ́ ilẹ̀ títí á fi kan ìpìlẹ̀ ilé. Kọnkéré tí ẹ dà sí ìdí ògiri kò dá irú omi yẹn dúró. Tí ilẹ̀ yín bá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wá sílé, ẹ gbẹ́ kòtò tóóró sí apá òkè, bíi mítà kan àbọ̀ sí ògiri, kó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tàbí kó kan àpáta, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kó sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Inú ọyẹ́ ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, kí òjò oṣù Kẹrin tó dé.

---

Ará Oníkòlóbó

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á máa fún yín lágbára. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ ní kó gbẹ, ẹ tún ní ká wọ́n omi sí i ká tó rẹ́ ẹ, kò yé mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹlòmíì ní ká kàn fi táìsì bò ó dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ká sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

---

Bíríkìlà Àdàtán

Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ìbú àti òró. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú búlọ́ọ̀kù kí téèpù lè dì mọ́ ọn, kí ẹ lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa láìsí àlàfo. Ẹ lẹ mẹ́ta: ọ̀kan nítòsí ilẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè ìlà. Ẹ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Tí omi bá ṣẹ́ sínú náílọ́ọ̀nù náà ní apá tó kọjú sí ògiri, tàbí tí búlọ́ọ̀kù abẹ́ rẹ̀ bá dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kò tíì tó àkókò. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra ni kí ẹ pe bíríkìlà.

Omi tí a ń wọ́n sójú rẹ̀ kò ju èyí tó máa gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù tó gbẹ táútáú máa ń fa omi inú sìmẹ́ńtì mu kó tó dì, sìmẹ́ńtì tí omi bá tán lára rẹ̀ kí ó tó dì á máa rún. Ìdí kan náà ló fi yẹ kí ẹ máa wọ́n omi sí ìpele kejì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ sì pa fèrèsé dé ní ọjọ́ márùn-ún yẹn nìkan, torí ọyẹ́ tó ràn yín lọ́wọ́ láti gbẹ ògiri ló máa ba pílásítà tuntun jẹ́.

Ti táìsì: tí ògiri bá ti gbẹ, ìfẹ́ yín ni. Tí kò bá tíì gbẹ, omi á gba ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè, á yọ sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, táìsì fúnra rẹ̀ á sì máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàrá kì í ṣe bálùwẹ̀, kò nílò rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n bá rẹ́ ẹ tán, kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ fi ìdí tírówẹ̀lì kan ògiri náà láti igun dé igun. Ibi tó bá dún bí òfìfo tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ ní kí wọ́n gé e ní onígun mẹ́rin, kí wọ́n jù ú, kí wọ́n sì rẹ́ ẹ ní ìpele méjì bíi ti ìṣáájú.